Mọ́tò Aláwọ̀ Ewé Tó Ń Mí Hẹlẹhẹlẹ

Mọ́tò náà wọ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń ṣubú tó sì ń dìde. Ó rẹlẹ̀ pẹlẹbẹ, àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dán gbinrin, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, arúgbó tó ń fọ̀pá rìn lè yà á sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ké sókè, á rọlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kú, á tún ké sókè. Nínú rẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan ká ara rẹ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, orí rẹ̀ ń mì síwájú sẹ́yìn, ó sì ń juwọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan ajá tó sùn sí ẹnu géètì.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí táyà, tó ń fi àkísà nu ọwọ́, bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé a kì í fi oníbàárà rẹ́rìn-ín. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí ọ̀gá àgbà tó ni ṣọ́ọ̀bù bí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é ní Àǹtí Ẹ́ńjìnnì, nítorí wọ́n ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í bá a sọ òtítọ́.

"Ẹ káàsán o." Ọkùnrin náà tú ara rẹ̀ jáde nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Ojú tì í. "Ẹ má bínú, mà."

"Èwo ni mà? Ṣé mo ti dàgbà tó yẹn ni?"

"Rárá, mà."

Ọmọbìnrin náà tún bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wo eyín rẹ̀, ó wo ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kó wá sì fò lọ lórí rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló tó rántí ohun tó bá wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín," ó wí. "Ó rìnrìn àjò, ó ní kí n máa bá òun gbé e jáde kó má baà dì. Ní tèmi, kẹ̀kẹ́ ológeere ti tó mi."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń yẹ etí àwọn èèyàn wò ní ọsibítù."

"Ẹ sọ ohun tí etí yín gbọ́ fún mi nígbà náà."

Inú ọkùnrin náà dùn. Kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó máa sáré, kò sí wàhálà. Tí mo bá dúró níbi iná ojú títì ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Á ròkè, á rọlẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń wí gan-an ni kò yé mi."

"Síló rẹ̀ ló dàrú." Síló ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ohùn jẹ́jẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fọ̀ nígbà tí mọ́tò bá dúró tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Yóò yé wa lónìí."

Ó yẹ kí n sọ ti bàbá rẹ̀ fún yín kí n tó lọ síwájú. Ogójì ọdún ni ọ̀gá àgbà ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, òfin méjì péré ló sì fi ń ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù. Èkíní ni pé mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kó gbóòórùn ọ́ìlì náà, kó sì dé e padà. Ó ní imú òun mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀, irọ́ kọ́ sì ni. Èkejì ni pé bí mọ́tò bá wọ géètì lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àrùn kan náà, ẹni tó ń tún un ṣe kò tíì tó ọ̀gá.

Lọ́dún náà, òfin kejì yìí ti di ohun tí ń ba èèyàn lẹ́rù. Ọ̀gá àgbà ti kéde pé kí ọdún tó parí, òun máa fa ṣọ́ọ̀bù lé ẹnì kan lọ́wọ́, yálà ọmọ òun tàbí igbákejì òun, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Kò sí ohun tí ọmọbìnrin yìí fẹ́ láyé tó ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti ń nu sípánà níbẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lágbára láti gbé e. Ọdún sì ti ku oṣù méjì.

Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. Ó ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ abẹ́ sítíárì, kọ̀ǹpútà sì sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ wá wò ó," ó pe ọkùnrin náà. "Nǹkan kan wà ní imú mọ́tò yìí tó ń wọn gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ń bu epo sí i. Tí afẹ́fẹ́ mìíràn bá wá yọ́ gba ibòmíràn wọlé, ìṣirò á dàrú. Epo á kéré, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ kú. Kọ̀ǹpútà á sáré bu púpọ̀, á ròkè. Bí ẹni tó se oúnjẹ èèyàn mẹ́ta, tí àlejò mẹ́ta míì tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

"Kí lèèyàn á wá ṣe?"

"Á wá ẹ̀yìnkùlé náà rí, á sì tì í."

Ó bu omi ọṣẹ sínú ike, ó ń fín in sára àwọn rọ́bà ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà sì tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dẹ etí. Nígbà tó kan rọ́bà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ẹ́ńjìnnì fa omi ọṣẹ náà mu, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ!"

Ìgbà kan náà ni wọ́n gbójú sókè, imú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ gbójú kúrò, ó sì lọ wá rọ́bà tuntun nínú ilé, ibi tí rọ́bà kì í sí.

Nígbà tó yá, ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀gá àgbà jáde wá, ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó gbóòórùn, ó mi orí, ó dé e padà, ó sì fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ó ti yá. Ó dàbọ̀ o."

Ọkùnrin náà kò kúrò. Ó béèrè nípa táyà. Ó béèrè nípa wáípà. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń pe ajá.

"Oníbàárà wa," ọmọbìnrin náà wí, "ṣé ẹ mọ̀nà ilé ṣá?"

Lọ́jọ́ kẹta, mọ́tò aláwọ̀ ewé tún wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọbìnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóòórùn ọ́ìlì bí ìṣe rẹ̀, ó dé e, ó sì ní kí ọkùnrin náà ta á. Ẹ́ńjìnnì ta, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ìkókó tó ń sùn. Wọ́n dúró tì í fún wákàtí kan. Kò gbọ̀n, kò ròkè, kò rọlẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra, ó ń ṣe é nígbà tí mò ń bọ̀," ọkùnrin náà wí.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọlé." Ó ń họ orí. Àrùn tó bá rí dókítà tó sá lọ kì í dùn ún wò. Ó fọ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé inú òkùnkùn lòun ń sọ òkò sí. Níkẹyìn, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí wọ́n jọ gbé e jáde wò.

Ó wa mọ́tò náà bí wọ́n ṣe ṣe é pé kí wọ́n máa wà á. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú. Nígbà tí wọ́n dúró níbi iná ojú títì, ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan.

"Bóyá ẹ̀rù rẹ ló ń bà á," ọkùnrin náà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní ẹ̀yin.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ, kò sì bá a wí. "Ṣé ẹ̀rù mi ń ba ìwọ náà?"

"Gan-an ni." Ó tú ọwọ́ kúrò lára ìjókòó. "Ká sọ òótọ́, nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, inú mi dùn."

Iná yí padà, àwọn tó wà lẹ́yìn fọn fèrè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀gá àgbà tún gbóòórùn ọ́ìlì, ó dé e, ó fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí ọkùnrin náà má yà sí ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá. Wọ́n á jókòó sórí táyà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì máa wúkọ́ tí wọ́n bá ń kọjá. Ọmọbìnrin náà ń pè é ní Olówó Orí Mi lẹ́yìn, nígbà tí kò sí níbẹ̀, kó lè mọ bó ṣe máa dùn lẹ́nu.

"Mọ́tò ńkọ́?" ọmọbìnrin náà máa ń béèrè.

"Ó wà dáadáa."

Irọ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mọ́tò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ṣùgbọ́n igbákejì ti sọ òfin ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún gbé mọ́tò náà wọ géètì yẹn, ṣọ́ọ̀bù lè bọ́ lọ́wọ́ olólùfẹ́ òun. Ó wá bò ó mọ́ ẹ̀yìn ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ọmọbìnrin náà kì í ṣe ẹni à ń fi nǹkan pamọ́ fún. Lọ́jọ́ kan, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ojú rẹ̀. "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀, àbí?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu kẹ̀kẹ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Gbé e wá lọ́la."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn máa jẹ́."

"Mo mọ kíkà. Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbà á pẹ̀lú mọ́tò tí wọ́n fi pamọ́ fún mi. Gbé e wá."

Ó gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá àgbà sì dúró láàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ojú nìkan wá gbogbo ara rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i. Ìdérí ọ́ìlì gbé sókè díẹ̀, kò ju ìbú èékánná lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó dún kẹ́, ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ìdérí yìí ni," ó wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Tí kò bá dún kẹ́, kò tíì wọlé. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n ọ́n tú díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Èmi ni mo máa ń ṣí i kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo sì ń dé e dáadáa, ìdí nìyẹn tí àrùn fi ń sá fún mi!" Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ta ló ń ṣí i nílé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ará ibí nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ náà pòrúùrù mọ́ gbogbo wọn lójú. Nígbà náà ni ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín ìbínú. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gbẹ́ni, mọ́tò kọ́ lo wá tún ṣe níbí. Ọmọ mi lo wá wò, o sì ń tú ìdérí kó o lè rí ẹsẹ̀ padà wá. Ìwọ lo fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́!"

Ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe òun, ó sì rántí nǹkan kan. Ó rántí pé etí ọ̀tún ni ọ̀gá àgbà máa ń kọ sí ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó rántí bí fóònù ọ̀gá àgbà ṣe máa ń dún lápò rẹ̀ tí kò ní gbé e, àfi bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ tọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé tí etí bá ń gbó, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ń sá kúrò nínú rẹ̀. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi kẹ́. Ọ̀gá àgbà ni ó ń dé ìdérí náà kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, kò sì gbọ́ pé kò dún.

Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ tó yí wọn ká. Ó wo bàbá náà, tó gbé àyà sókè láàárín àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń rí àgbàlagbà tó ń sunkún nítorí pé ẹnì kan pè é ní adití lójú èèyàn. Ó sì rò ó pé tó bá jẹ́ ẹ̀bi òun ni, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí kò ní sí lọ́rùn ọmọbìnrin náà. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ má bínú, sà," ó wí.

Gbogbo wọn kà á sí pé ó ti jẹ́wọ́.

"Ìwọ lo tú u?" ọmọbìnrin náà béèrè. Ọkùnrin náà doríkodò. "O sọ fún mi pé inú rẹ dùn nígbà tó bàjẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni." Omijé ti dé ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ kó bọ́ níwájú wọn. "Alaalẹ́ ni mo ń ka ìwé ẹ́ńjìnnì yìí láti wá àrùn rẹ̀, títí mo fi ń fi í ṣe ìrọ̀rí sùn. Gbé e lọ. Má padà wá mọ́."

Ó gbé e lọ. Ìbínú kò jẹ́ kí ọ̀gá àgbà gbóòórùn ọ́ìlì rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mọ́tò náà kò sì gbọ̀n rárá bó ṣe ń jáde.

Wọn kò ka ẹ̀ẹ̀kẹta sí ọmọbìnrin náà lọ́rùn, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sì là gbalaja níwájú rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, kò dùn. Ó ń dun ún, ó ń bí i nínú, ó sì rú u lójú, ohun tó rú u lójú yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹni tó ń tú ìdérí kó lè rí òun, kí ló dé tó fi mọ́tò náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì? Òun gan-an ló fi dandan lé e kó tó gbé e wá. Ó pa á pọ̀, ó tú u palẹ̀, kò bọ́ sí i. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé bí ẹni tó ń wá àrùn mọ́tò, ó sì fa ìwé náà ya.

Ọjọ́ kọkànlá ni ojú rẹ̀ là. Obìnrin kan gbé mọ́tò tirẹ̀ wá fún bíréèkì, irú ẹ́ńjìnnì kan náà. Wọ́n ṣe é tán. Ọ̀gá àgbà ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó gbóòórùn, ó mi orí, ó dé e, ó fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì wọlé lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró tì í, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ kẹ́.

Ó rọra ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì padà, ó na ọwọ́, ó yí ìdérí náà. Kẹ́. Ó dúró síbẹ̀ títí obìnrin náà fi bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kó dúró, kò dúró. Ó bá ọkùnrin náà nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, níbi tí ariwo ìta kì í dé.

"Bàbá mi ni," ó wí.

Ọkùnrin náà sọ bírò sílẹ̀.

"O mọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀?"

"O lè sọ ọ́ fún èmi."

"Tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, wàá ní láti yan láàárín ọ̀rọ̀ mi àti ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Mi ò fẹ́ kó o yan."

"Ta ló ní kó o bá mi yàn pé kí n má yàn?" Ó fọwọ́ lu tábìlì, ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. "O jẹ́ kí n kórìíra rẹ fún ọjọ́ mọ́kànlá!"

"Ṣé o kórìíra mi?"

"Mo gbìyànjú. Kò ṣeé ṣe." Ó wá sun ẹkún tó ti ń pa mọ́ra. Ọkùnrin náà fà á mọ́ra pẹ̀lú gbogbo ọ́ìlì ara rẹ̀, aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ sì bàjẹ́ pátápátá.

"Màá sọ fún un," ọmọbìnrin náà wí nígbà tó yá. "Ó lè bínú gbé ṣọ́ọ̀bù fún igbákejì lọ́la."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìtùnú tó o ní nìyẹn?"

"Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ mọ́, ìfẹ́ mi."

Ọjọ́ ìsinmi ló lọ bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀. Ó jókòó tì í ní apá ọ̀tún. "Bàbá, ìdérí ọ́ìlì mọ́tò aláwọ̀ ewé, ẹ̀yin ni ẹ kò dé e wọlé. Ọwọ́ yín kọ́ ló jẹ̀bi. Etí yín ni."

"Etí mi?" Bàbá náà bínú. "Ṣé kì í ṣe etí yìí ni mo fi ń gbọ́ ìsọkúsọ tí ò ń sọ?"

"Ẹ gbọ́ ohùn tèmi. Bàbá, aago ìtanijí yín ti ń ké ní yàrá láti ìgbà tí mo ti jókòó."

Bàbá náà wò ó. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ọmọbìnrin náà sì rí i láti ibi tó wà. Ó dúró níwájú aago náà. Ó gbé ọwọ́ lé e. Aago ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó rò pé òun ti pàdánù bàbá, òun sì ti pàdánù ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ mọ èyí tó dun òun jù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá àgbà wọlé láàárọ̀. Ó ní kí igbákejì lọ pe ọkùnrin tó ń yẹ etí wò wá. Nígbà tí gbogbo wọn pé, ó bọ́ síwájú wọn.

"Níwájú yín ni mo ti pe ọkùnrin yìí ní ẹlẹ́tàn," ó wí, "níwájú yín náà ni màá ti tọrọ àforíjì. Èmi ni mo fi ìdérí yẹn sílẹ̀ láìwọlé, lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbọ́ran dáadáa mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n lára, mo sì ń sá fún un."

Igbákejì wúkọ́. "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti mọ̀. Gbogbo mọ́tò tí èmi bá tún ṣe, tí ẹ bá ti wọlé, mo máa ń lọ dé ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹnu ni kò gbà á láti sọ."

Ọ̀gá àgbà wò ó títí. "Ìwọ mọ̀, o dákẹ́. Ọkùnrin yìí mọ̀, ó gba ẹ̀bi. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sọ fún mi lójú mi, ó sì mọ ohun tó lè pàdánù." Ó yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹni tó lè sọ fún ọ̀gá pé ọ̀gá ló jẹ̀bi ni mo ń wá. Igbákejì, bá a ṣe é bó o ṣe bá mi ṣe é."

"Tayọ̀tayọ̀, sà," igbákejì wí, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti ẹni tó pàdánù lọ.

Ọ̀gá àgbà kọjú sí ọkùnrin náà. "Kí ni mo lè fi tù ọ́ nínú?"

"Kò sí, sà. Ẹ kàn jẹ́ kí n yẹ etí yín wò." Ó mí kanlẹ̀. "Àti ohun kan, sà. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ sún mọ́ wọn.

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi," ọ̀gá àgbà wí. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló dúró lẹ́yìn rẹ yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé sípánà ló ń wá."

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "O ti gbọ́."

"Mo gbọ́." Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù. "O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ohun tí kò bá yé mi. Ìwọ gan-an, o ò tíì yé mi. O gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ. Mọ́tò tó ń sáré bí ìjì wà nílé yín, kẹ̀kẹ́ lò ń gùn kiri."

"Ṣé rárá nìyẹn?"

"Fún mi ní ọdún díẹ̀ kí n fi yẹ̀ ọ́ wò."

"Ọdún mélòó?"

"Gbogbo èyí tó bá kù."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, débi pé bàbá rẹ̀ na ọrùn síwájú, ó ní kí ló wí. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ pa ohùn pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún un.